Ikán Tó Ń Jẹ Férémù Kì Í Gbé Inú Férémù

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ń gbé. Ilé tí èmi àti olóògbé bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ ni ikán fẹ́ jẹ tán mọ́ mi lójú. Ó ti jẹ férémù ilẹ̀kùn méjì, ó gun ògiri dé síìlì yàrá, ó sì ti wọ àpótí tí mo kó ìwé sí. Mo da ọtapiápiá sí i, mo da epo dísù, mo tún gba ọmọkùnrin kan tó gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn wá fín in. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà. Ní ẹ̀yìnkùlé, àgbàdo mi ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, igi ẹ̀gẹ́ tí mo sì gbìn kò hù dáadáa. Ọ̀gán kan wà lẹ́yìn ilé tó ga dé àyà mi. Àwọn kan ní kí n hú u, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Àwọn kan ní bí mo bá hú u, inú ilé ni gbogbo wọn máa sá wọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?”

Okun o, ìyá wa. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ ọ̀gán lẹ bi mí, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn yín, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé ẹ ti náwó lẹ́ẹ̀mẹta, ikán sì ń padà wá bí ẹni tó nilé. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ìdí tó fi ń padà, ọ̀rọ̀ ọ̀gán kò ní le mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a mọ̀ ná, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ igi ni ikán. Bí ìyẹ̀fun lúbúlúbú bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ igi, bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, tí ara igi náà sì ní ihò kéékèèké bí ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé, kòkòrò mìíràn nìyẹn. Inú igi gan-an ló ń gbé, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀. Amọ̀ la fi ń mọ ikán. Ó máa ń mọ ọ̀nà tóóró bí okùn bàtà gba ara ògiri lọ sókè. Ẹ sọ pé ó gun ògiri dé síìlì, nítorí náà n kò ṣiyèméjì: ikán ilẹ̀ ni. Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ họ ọ̀nà amọ̀ yẹn kúrò níwọ̀n gígùn ìka kan, kí ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí àwọn funfun kéékèèké, ara wọn rọ̀ bí ìrẹsì tó jinná jù, tí wọ́n ń sá padà sínú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn olórí pupa á yọjú wá dúró létí ihò, wọ́n á la ẹnu bí ẹ̀mú. Ọmọ ogun nìyẹn. Ẹ má fi ìka dán an wò. Bó bá gé èèyàn jẹ, orí rẹ̀ lè já síbẹ̀ kó má jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá bá a pé wọ́n ti fi amọ̀ tútù dí ojú ibẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá ṣì là sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti pa ibẹ̀ tì, àmọ́ ẹ wá a lẹ́yìn àpótí àti lábẹ́ káńbọ́ọ̀dù, wọ́n lè ti la òmíràn.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ikán kò gbọ́ òwe yẹn rárá. Inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀, férémù yín jẹ́ oko tó ń lọ. Ara rẹ̀ kò gba oòrùn, kò gba afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Bí ó bá wà níta fún ìgbà díẹ̀, á gbẹ kú. Ìdí tó fi ń mọ amọ̀ borí ara rẹ̀ nìyẹn, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ lè bá a gòkè. Gbogbo àwọn funfun tí ẹ rí nínú férémù, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Wọn kò lójú, wọn kì í bímọ. Wọ́n á jẹ igi, wọ́n á gbé e padà lọ fún ìyá wọn, ọba wọn àti àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nílé. Ìyá yẹn lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́, ó sì lè gbé ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nítorí náà bí ẹ bá pa igba nínú wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn tó lọ sóko lẹ pa. Ilé wọn kò tiẹ̀ gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo ohun mẹ́ta tí ẹ ṣe. Ọtapiápiá, oògùn tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dichlorvos máa ń pa ohun tó bá fara kàn kíá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ń gbé e lọ. Kì í pẹ́ nínú ilẹ̀, òórùn tó sì ń fi sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nínú yàrá lẹ ń fà á símú. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fi dí títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjà gbangba lọ́dún 2019. Dísù náà ń lé wọn níwọ̀n ìgbà tí igi bá ṣì tutù fún un. Bó bá ti gbẹ, wọ́n á padà, igi tó ti mu dísù ló wá kù nínú ilé tí wọ́n ti ń dáná, tí iná ẹlẹ́tíríìkì sì ń ṣe ségesège. Ẹ má dà á mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ti ọmọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ ká ṣírò. Kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó lè di odi tí ikán kò ní lè gbà kọjá, mítà kan ògiri máa ń gba bíi lítà márùn-ún omi oògùn tí wọ́n ti pò, tí yóò sì wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ká ní ilé yín jẹ́ mítà méjìlá ní gígùn, mẹ́wàá ní ìbú. Ìyíká rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rìnlélógójì. Igba àti ogún lítà nìyẹn. Páńpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn sábà máa ń gba lítà mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ni pé ó yẹ kó rọ ọ́ kún tó ìgbà mẹ́rìnlá. Ẹ rántí iye ìgbà tó rọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó fi fín ara ògiri àti ojú férémù, ojú lásán ló fín. Ó lè jẹ́ pé kò rẹ́ yín jẹ; bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ọ̀gán. Àwọn méjèèjì tó ń gbà yín nímọ̀ràn ló ṣì í, èmi náà sì ti wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pípa ikán yìí, bàbá kan ní Ìyàrà pè mí sí ilé rẹ̀. Ọ̀gán ńlá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní òun nìyẹn. Èmi àti ọmọkùnrin mẹ́rin fi dígà wú u láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. A bá yàrá ìyá wọn nísàlẹ̀, amọ̀ rẹ̀ le bí àpáta. Nígbà tí a fọ́ ọ, ó wà níbẹ̀, ó tóbi bí ìka àárín mi, ara rẹ̀ funfun, ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ọba rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá gúnyán fún wa lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní kí n wá wo férémù ilẹ̀kùn pálọ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ kọjá ibi tí a bá a. Àwọn tó ń jẹ ilé rẹ̀ kì í ṣe ará ọ̀gán. Irú mìíràn ni wọ́n, àwọn tí kì í kọ́ òkìtì, ìdí igi máńgòrò tí bíríkìlà gé tí kò hú kó tó da ilẹ̀ bò ó ni wọ́n wà, lábẹ́ pálọ̀ gan-an. Mo dá owó bàbá padà. Láti ọjọ́ yẹn, mo kì í fi ọ̀gán sùn kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan gé díẹ̀ lára ọ̀gán, kó ṣa bíi ọmọ ogun mẹ́wàá sínú ìgò kékeré tí ògógóró wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún férémù, nínú ìgò mìíràn. Ẹ kó wọn sórí bébà funfun lójú oòrùn. Ẹ má fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe ìdájọ́, torí nínú ọ̀gán kan náà, ọmọ ogun ńlá àti kékeré máa ń wà pọ̀. Bí ti ọ̀gán bá lórí ńlá pupa, tí ti férémù sì kéré látòkè délẹ̀, ẹyọ kan nínú wọn kò sì jọ ti ọ̀gán, ẹ fi ọ̀gán sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí wọ́n bá jọra, ẹ lè hú u, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wú u má ṣe ṣíwọ́ títí yóò fi rí ìyá wọn, nítorí bí wọ́n bá kàn wó orí rẹ̀, wọ́n á tún un kọ́ kí òjò mẹ́ta tó rọ̀. Ti pé wọ́n á sá wọ ilé, n kò rí i rí. Àwọn tó ti wà lóko lè pẹ́ díẹ̀ nínú igi, ṣùgbọ́n ikán tí kò ní ìyá mọ́ kì í kó ẹrù lọ tẹ ìlú sílé onílé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kú tán.

Ó dá mi lójú pé ohun tó wà lára ilé fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, ti ikán kò tiẹ̀ nílò kó lanu tó ti alángbá. Ibi tó là tóóró díẹ̀ lásán tó fún un. Ní agbègbè wa, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, ẹ̀gbẹ́ òkè la ń kọ́lé sí. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ wá sídìí ògiri tó kọjú sókè, títí ilẹ̀ á fi ga ju ìpìlẹ̀ lọ. Lójú ẹni tó nilé, ilẹ̀ lásán ni. Lójú ikán, wọ́n ti gbé àkàbà fún un. Ẹ yí ilé ká, ẹ rí i pé ó kéré tán, ìbú ọwọ́ méjì ìpìlẹ̀ hàn síta níbi gbogbo. Ẹ kó igi ìdáná kúrò lára ògiri. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni òjò kì í pa á, ṣùgbọ́n ẹ bá a wá ibòmíràn, kí ẹ sì gbé e lé òkúta. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀: bí pilásítà ibẹ̀ bá máa ń tutù nígbà tí òjò kò rọ̀, páìpù ń jò nínú ògiri, púlọ́ńbà lẹ nílò kí ẹ tó pe ẹni tó ń ta oògùn. Nínú ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ, ibi tó tutù yẹn ni ikán ń rìn lọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n tún páìpù kan ṣoṣo ṣe, tí ikán fi fi yàrá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń rí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìyẹn kò náwó tó oògùn.

Lẹ́yìn èyí ni oògùn tó kàn. Láyé àtijọ́, aldrin àti dieldrin ni wọ́n ń dà sí ìpìlẹ̀, wọ́n sì lágbára lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ara èèyàn. Wọ́n wà lára oògùn méjìlá tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Stockholm lọ́dún 2001 láti fòpin sí. Chlorpyrifos tó rọ́pò wọn, NAFDAC náà ti kéde òpin rẹ̀ fún ọdún 2024. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá bá yín pé ọjà tó ṣẹ́ kù ni, ẹ má gbà á. Àwọn tí mo ń lò ní fipronil tàbí imidacloprid nínú. Wọn kì í pa ikán lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Ikán kò mọ̀ pé ó wà nínú ilẹ̀, á rìn gba inú rẹ̀ kọjá, á gbé e lọ sílé, á fi kan àwọn ẹlòmíràn níbi tí wọ́n ti ń lá ara wọn. Ẹ lè máa rí wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí a bá dà á. Ẹ má bínú wá ọtapiápiá kún un, ẹ ó ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń dà á ni pé wọ́n á gbẹ́ kòtò tóóró yí ìpìlẹ̀ ká, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n á da omi oògùn sí i níwọ̀n tí mo ṣírò lókè, wọ́n á sì po ilẹ̀ tí wọ́n ń dá padà mọ́ ọn. Nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ti ń gòkè, wọ́n á fi dírììlì lu ihò sí sìmẹ́ńtì ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn, wọ́n á da oògùn sí i, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí i. Bí kànga yín bá wà nítòsí ògiri, tí kò tó ogún ìṣísẹ̀, mi ò ní da oògùn sí apá ibẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní kò séwu, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ mu omi rẹ̀. Adìyẹ kò gbọdọ̀ jẹ̀ débẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Kò gbọdọ̀ ṣàn dé odò rárá, torí ó ń pa ẹja, ó sì ń pa oyin. Ó wọ́n, mi ò ní tàn yín. Bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, ó lè dúró bí ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní títí láé ni, ọjà ló ń tà.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe ti ìdí ògiri tí ikán ń gùn nìkan ná. Kò dára tó odindi, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ tún pe ọlọ́pánpù kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Férémù tó ti jẹ, kò sí oògùn tó ń dá a padà. Ẹ tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ. Bó bá wọlé bí ìgbà tí a gún búrẹ́dì, tó jẹ́ ọ̀dà ló gbé e dúró, kí káfíńtà yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, irin kì í wọ́n tó wàhálà pípààrọ̀ igi léraléra. Bó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́, ẹ béèrè apá tàbí inú ìrókò, ibi tó pọ́n gan-an, kí ẹ má gba etí rẹ̀ tó funfun. Arère àti àràbà tí wọ́n ń kùn láwọ̀ fi ta fún èèyàn, oúnjẹ àárọ̀ ikán ni.

Ti ọgbà yàtọ̀, ẹ má sì gbé oògùn ilé débẹ̀ rárá, ẹ ó jẹ ẹ̀gẹ́ yẹn. Nínú oko, ikán kì í ṣe ọ̀tá tán. Òun ló ń jẹ koríko gbígbẹ, tó ń la ilẹ̀ kí omi lè wọlé. Olú tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán, èyí tí gbogbo wa ń sáré já lẹ́yìn òjò, oúnjẹ tí ikán ń gbìn sínú ilé rẹ̀ ló ti ń hù. Èsúnsún tó ń wọ́ wá sábẹ́ iná lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, àwa náà kúkú ń yan án jẹ. Àgbàdo tó ti gbó, tó ń gbẹ lórí ìdúró, ló ń wó fún un. Bí háhá rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ ká a, ẹ má dúró de pé kó gbẹ tán lóko. Ẹ sì má gbá ilẹ̀ ọgbà mọ́ féfé. Ikán tí kò bá rí pòròpórò tó ti kú jẹ, èyí tó wà láàyè ló máa kọjú sí. Ẹ fi èérún pòròpórò sí àárín ebè, kó jìnnà sí ilé. Igi ẹ̀gẹ́, ẹ jẹ́ kí òjò fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì lo èyí tó gbó dáadáa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Èyí tó ti gbé ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kò ní okun láti hù kí ikán tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Eérú ṣe é dà yí i ká, àmọ́ òjò kan ló máa fọ̀ ọ́ lọ. Omi dọ́ńgóyárò náà ń lé wọn díẹ̀, oòrùn sì ń pa agbára rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ará oko kan máa ń bo orí ẹja àti ìfun rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀gán kí èèrà lè wá bá ikán jà. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́, mo sì ti rí i tí ajá ìlú hú u jẹ kí èèrà tó gbọ́.

Ohun tí n kò lè sọ láti ìhín ni bí orí ilé yín ṣe wà. Ikán tó bá ti dé síìlì lè ti dé igi páànù. Kí káfíńtà fi tọ́ọ̀ṣì gun òkè, kó fi òòlù kan igi kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń dún bí agbè tó ṣófo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú yàrá náà títí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹ fi ọ̀rọ̀ ikán sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n àpótí ìwé yín, òní ni kí ẹ gbé e kúrò lára ògiri. Ẹ kó ìwé náà síta sínú oòrùn, ẹ ṣí i lẹ́wé lẹ́wé, ẹ gbọn amọ̀ rẹ̀ dànù, ẹ wá gbé àpótí náà lé bíríkì mẹ́rin láàárín yàrá, níbi tí ẹ ti lè máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láràárọ̀.